Ìyá Tó Ń Wo Ẹnu Gbogbo Ọmọ

Ìyá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ ń gbé ọgbà kan ní Kofar Doya, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kì í jókòó. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ó máa ń sú mi. Bó ṣe ń kí ọmọ ìkókó kì í yí padà: "Yanu, jẹ́ n rí i."

Nígbà tí ọmọ mi kọ ọmú, tí ahọ́n rẹ̀ funfun, Màmá ká aṣọ mímọ́ mọ́ ìka, ó rọra nù ún.

"Bó bá jẹ́ wàrà ni, ì bá ti kúrò. Àrùn ẹnu tí wọ́n ń pè ní èfù ni. Ṣí àyà rẹ."

"Èmi kẹ̀, Màmá?"

"Bí mo bá kán oògùn sẹ́nu ọmọ, tí o ò fi tìrẹ pa ọmú, ẹ ó kàn máa kó o ran ara yín ni."

Lọ́dún yìí, Màmá ò jẹ ata mọ́. Ẹ̀kọ tútù ló ń mu, aṣọ rẹ̀ sì ti tóbi jù ú lọ. Mo bi í léèrè.

"Haba! Ooru ni." Ó ti ń lọ.

Mo tẹ̀lé e yí ọgbà ká. "Màmá, ẹ yanu, ẹ jẹ́ n rí i."

Ó dúró. Ó fa àga, ó jókòó, ó yọ eyín àtọwọ́dá tí kì í yọ lójú ẹnikẹ́ni. Mo ká aṣọ mọ́ ìka, mo nu ahọ́n rẹ̀ tó funfun.

"Ṣé ó kúrò?"

"Kò kúrò, Màmá. Ẹ má dìde. Mo ń lọ pe kẹ̀kẹ́, ilé ìwòsàn yá."