Agolo Tòmátì Bùrọ̀dá Jímọ̀h

"Hafiz, rọ ọ́ìlì sí i kó o tó yí i. Má jẹ́ kó yí ní gbígbẹ."

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù Kwaku ló ń wò, níbi tí èrò ti ń pọ̀ sí i. Ó nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, ó lọ. Kò pẹ́ rárá, irin gé e lọ́fun.

Jímọ̀h ni orúkọ rẹ̀. Fítà ni, ní Súámè Mágásìn, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kumasi. Tọ́bò ni iṣẹ́ rẹ̀, irin tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè ta kìjí. Ashanti New Town ni ìyá wa bí àwa méjèèjì sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá ta aṣọ. Ó kú síbí, a ò padà. À ń sọ Yorùbá nínú ilé, à ń sọ Twi níta. Èmi ò kàwé púpọ̀. Òun náà ò kà jù mí lọ.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ òkú. Oníjà ni Bùrọ̀dá Jímọ̀h. Fáńbẹ́líìtì ló fi kọ́ mi níṣẹ́. Bí sípánà bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn mi á gbóná. Tó bá nà mí tán, á ra wáàkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, fún èmi àti òun, á sì kó ẹyin tiẹ̀ sínú tèmi.

Nígbà kan ní gáréèjì Kejetia, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tírótíró kan pè é ní Alata. Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn. Ìyẹn ò dùn ún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fi kún un pé kí Alata máa lọ sílé rẹ̀.

Bùrọ̀dá Jímọ̀h ní, "Ilé mi ni mò ń lọ yìí. Ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ ló wà."

Ó fi orí kàn án lẹ́nu. Eyín awakọ̀ náà dà sílẹ̀ bí àgbàdo. Àwọn ọmọ gáréèjì bò ó, wọ́n fi àfọ́kù ìgò ya èjìká rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé, ó jókòó, ó ní kí Màámi gbé oúnjẹ wá.

Màámi ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń kán sí mi lórí ẹní."

Ó ní, "Ẹ ká ẹní."

Ọwọ́ tó ń jà yẹn náà ló ń yan tọ́bò. Àwọn fítà yòókù máa ń wo nọ́mbà tí wọ́n kọ sára irin. Òun ò wo nọ́mbà. Agolo tòmátì ló ń lò, èyí kékeré tí Màámi bá ti se ọbẹ̀ tán. Ó ti fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀ kó má baà gé e lọ́wọ́. Inú àpò ló máa ń wà. Bí fáànù inú tọ́bò bá wọ inú agolo, ó yẹ ẹ́ńjìnnì kékeré. Bí kò bá wọ̀ ọ́, á ní kí wọ́n gbé e fún ọlọ́kọ̀ ẹrù. Lẹ́yìn náà, á fi ìka méjì mi ọ̀pá àárín rẹ̀ wò. Bó bá ń jó, á sọ ọ́ sórí àkìtàn.

Lọ́jọ́ tó kú, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Isaac gbé ọkọ̀ wá. Ayigya ló ń gbé, àwọn ọmọ yunifásítì ló ń kó. Ọkọ̀ rẹ̀ kéré, ó sì ti gbó, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyàwó. Bí iná ojú pópó bá ti di gíríìnì, gbogbo ayé ló ń kọjá rẹ̀. Àwọn ọmọ náà a máa bi í bóyá kí àwọn sọ̀ kalẹ̀ tì í. Ó ní òun fẹ́ kó dìde bí òun bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Kwaku.

Kwaku wà ní òdìkejì ọ̀nà wa. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti Bùrọ̀dá Jímọ̀h níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gé e jẹ létí. Kwaku náà fi òòlù fọ́ ọ ní ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n sì jọ ń jẹ fùfú nínú àwo kan.

Isaac ní, "Kwaku ní òun ní tọ́bò ńlá, ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ńlá ò ha lágbára ju kékeré lọ?"

Bùrọ̀dá Jímọ̀h bi í pé, "Kí ló ń yí tọ́bò?"

"Epo?"

"Olódo. Èéfín ni. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú sẹ́yìn ló ń yí fáànù kan, ìyẹn á yí èkejì tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ́ńjìnnì tìẹ kéré, èéfín rẹ̀ ò tó nǹkan. Fáànù ńlá wúwo. Kí èéfín rẹ tó jí i, iná pupa mìíràn ti dá ẹ dúró."

"Kékeré ńkọ́?"

"Ìkòkò kékeré ló ń tètè hó. Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti jí. Ṣùgbọ́n tó o bá ń sáré lọ sí Accra, èémí rẹ̀ ò ní í tó. Á rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Mo ti sọ ọ́ fún ẹ o."

"Ayigya sí Kejetia ni èmi ń ná."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Isaac rẹ́rìn-ín. Ó ní kó ṣe kékeré. A fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, a tú iwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú tọ́bò kan nínú àpótí, ó gbé fáànù rẹ̀ sínú agolo, ó wọlé wẹ́kú. Ó gbé e fún mi.

Kwaku ti gbọ́. Ó gbé tọ́bò ńlá tiẹ̀ sórí tábìlì ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi okùn dè é.

Gbogbo wọn ló ń ṣe é ní Mágásìn. Wọ́n á tú èèpo tọ́bò kúrò kí fáànù lè hàn, wọ́n á fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ táwọn fọganáísà fi ń fẹ́ táyà fẹ́ sí i. Á máa kọrin. Oníbàárà á gbọ́ orin, á sì rà á. Bùrọ̀dá Jímọ̀h nìkan ni kì í ṣe é. Ó ní tọ́bò tó bá ń sáré láìsí ọ́ìlì nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń jẹ. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó fi fáńbẹ́líìtì yọ ọ́ lára mi.

Kwaku tẹ afẹ́fẹ́. Tọ́bò ńlá náà ké. Àwọn ènìyàn yí i ká.

Ó pariwo ní Twi, "Isaac, ṣé ò ń gbọ́? Ẹni tó ní ó ń sùn dà? Ó jí àbí kò jí?"

Èrò ní, "Ó jí."

"Èyí tí Alata fún ẹ ńkọ́, ṣé ó lè kọrin? Agolo tòmátì ló tà fún ẹ, chálè, ọ̀rẹ́ mi. Gbé e lọ fún ìyàwó rẹ, kó fi se ọbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Isaac dìde.

Bùrọ̀dá Jímọ̀h ní, "Isaac, jókòó. Ẹ̀rọ fọganáísà ò sí nínú ọkọ̀ rẹ. Ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́gba, bó ti wù kó ya ọ̀lẹ tó, á jí."

"Jẹ́ kí n kàn wò ó." Isaac sọdá.

Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọbẹ̀ lójú gbogbo òpópónà, oníbàárà rẹ̀ sì ti gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà yẹn ló ní kí n rọ ọ́ìlì sí i.

Ó fi èjìká la àárín èrò. Mo ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo wà.

"Kwaku, pa á. Ò ń yí i ní gbígbẹ."

"Ó ń dùn ẹ́."

"Yóò fọ́. Pa á."

Kwaku tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Igbe tọ́bò náà tín-ín-rín, ó ń gún etí bí abẹ́rẹ́. Bùrọ̀dá Jímọ̀h na ọwọ́ sí ọ̀pá afẹ́fẹ́ láti já a gbà. Fáànù náà fọ́. Ó dún bí ìbọn.

Irin kan wọ páànù orí ilé. Òmíràn gé ìka méjì lọ́wọ́ Kwaku. Òmíràn wọ ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi. Isaac dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irin kankan ò kàn án. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló bò ó lójú.

Mo sáré. Mo fi ọwọ́ dí ihò náà. Ẹ̀jẹ̀ ń tú láàárín ìka mi, afẹ́fẹ́ ń fun nínú rẹ̀. Bùrọ̀dá Jímọ̀h gbá mi létí. Ó tún gbá mi. Ó rò pé ẹnìkan ló fún òun lọ́rùn, ó sì ń bá a jà. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

A gbé e sínú táksí. Awakọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ àpò sórí àga kí ẹ̀jẹ̀ má baà bà á jẹ́. Mo bú ìyá rẹ̀. Iná pupa dá wa dúró lọ́nà, ibẹ̀ ló kú sí.

A sin ín kí òòrùn tó wọ̀. Àwọn tó wẹ òkú fún Màámi ní agolo tí wọ́n bá nínú àpò rẹ̀. Màámi gbé e fún mi, kò wò ó. Alfa ní àyànmọ́ ni. Mo ní àyànmọ́ kọ́ ló di ọ̀pá afẹ́fẹ́ mú.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ọkùnrin méjì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará Mágásìn. Wọ́n ń mu omi. Ọ̀kan ní, "Tọ́bò ńlá yẹn lágbára ṣá o. Ó pa ẹni tí gbogbo gáréèjì Kejetia ò lè pa." Èkejì ní, "Ká ní Isaac ti rà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀." Wọ́n rọra rẹ́rìn-ín.

Mo kúrò níbi àdúà. Mo lọ sí Mágásìn, mo fa páìpù sáléńsà kan yọ nínú àwọn àlòkù wa, mo sọdá.

Kwaku jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀. Isaac wà níbẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Kwaku dìde.

"Due, Hafiz. Due." Bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ ní Twi nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, bùrọ̀dá ni mò ń pè é. Mo fi páìpù gbá a lórúnkún. Ó wó. Mo gbá a léjìká, mo gbọ́ tí egungun kan dá. Isaac dì mí mú látẹ̀yìn, mo fi ìgbọ̀nwọ́ fọ́ imú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sún mọ́ wa. Kwaku ò gbé ọwọ́ sókè. Ìyẹn tún bí mi nínú. Mo gbá a níhà.

"Jà," mo ní. "Jà, tó o bá jẹ́ ọkùnrin."

Ó tu ẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí lo mọ̀?"

Ó ti ọwọ́ rẹ̀ tó dára bọ àpò. Mo rò pé ọ̀bẹ ni, mo gbé páìpù sókè. Agolo tòmátì ló mú jáde. Tiẹ̀ ti dípẹtà.

Ó ní, "Ọ̀gá wa ló fún àwa méjèèjì. Kékeré ló yẹ ọkọ̀ yẹn. Ìgbà tí Isaac ti gbé ọkọ̀ dé iwájú mi ni mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ tà."

"Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Ó sọ ọ́ ní Twi. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.

"Sọ ọ́ sókè."

Ó gbára lé ọwọ́ kan, ó kígbe rẹ̀ sí gbogbo òpópónà: "Jímọ̀h ló tọ̀nà. Tèmi ò lè jí láéláé nínú ọkọ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ ni mo fi tàn yín."

Gbogbo wọn gbọ́. Mo tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ó pẹ́ kó tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ páìpù nù. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bóyá ọlọ́pàá á wá mú mi, mi ò mọ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ní mo dárí jì í. Ọwọ́ ló rẹ̀ mí.

Isaac tẹ̀ lé mi, ó fi aṣọ dí imú.

"Ṣé o ò ní í pa ọkọ̀ mi tì?" ó ní. "Ṣé wàá parí rẹ̀ bí Jímọ̀h ṣe wí?"

"Padà wá gbé e lọ́la."

"Ó fọ́ imú mi," ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe ń lọ.

Àwọn tó kù lọ kírun ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ náà ṣì wà lórí jáàkì. Tọ́bò kékeré wà lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí mo jù ú sí nígbà tí mo sáré. Eruku ti bò ó. Mo fi bùrọ́ọ̀ṣì àti epo bẹntiróò fọ̀ ọ́. Mo fọ agolo tí Màámi gbé fún mi. Nǹkan dúdú kan há sí etí ìdí rẹ̀, mo fi ìṣó ha á, kò tán. Mo bu ọ́ìlì sínú rẹ̀. Mo rọra ń rọ ọ́ sínú ihò orí tọ́bò, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi ìka kan yí fáànù. Ó ń yí. Nígbà tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí kán nísàlẹ̀, mo bu òmíràn.