Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Jẹ́rìí Pé Iṣẹ́ Òun Kò Le

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi káàdì ìdánimọ̀ yunifásítì kọ́rùn lọ sí ọjà Heathway ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹni tó ń ta iṣu àti ata rodo lè mọ̀ pé èèyàn pàtàkì ló ń ná ọjà lọ́wọ́ òun. Iṣẹ́ lábù ni mò ń ṣe nígbà náà. Èmi ni mò ń po kẹ́míkà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, èmi náà ni mò ń yí sílíńdà gáàsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi láti yàrá kan dé òmíràn. Owó oṣù mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n n kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti kọ́ mi nílé pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Mo dúpẹ́ títí ọrùn fi ń dùn mí. Òmíràn ò dé.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi wà ní River Road kógbá wọlé, ó jókòó sílé, ó ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn. Èmi ni mo gbọ́ pé sítọ́ọ̀ yunifásítì wa ń wá ẹni tí yóò máa gba ẹrù wọlé. Mo bá a kọ̀wé, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Wọ́n gbà á. Lọ́jọ́ tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, ó fi orin ìjọ wọ ilé ìdáná, ó sì sọ iye tí wọ́n san fún un. Mo ń dín dòdò lọ́wọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó fi "Ọlọ́run tóbi" kún un. Dòdò jóná.

Ẹni tí mo fi ọ̀nà hàn ń gbowó jù mí lọ, kò sì tíì mọ ibi tí tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì wà! Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣì í san ni. Mo wádìí lẹ́nu àwọn ọkùnrin tó kù ní sítọ́ọ̀, wọn ò ṣì í. Bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ṣe rí, tàwa obìnrin lábù sì kéré sí i. Ìyá ìjọ wa ní Chadwell Heath ní kí n fi sádùúrà. "Ṣebí inú àpò kan náà lowó yín ń wọ̀?" Mo ní, "Mummy, àpò ta ni?"

Ẹni tó ń ṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Barking, ará Èkìtì làwọn òbí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó lanu. "Ah-ah, Aunty! That's mad. Ẹ sì ń say thank you sí wọn?" Ó ṣàlàyé pé bí iṣẹ́ obìnrin bá níye lórí tó ti ọkùnrin, owó wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, ì báà má jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Ó wá fi ohùn Lọ́ńdọ̀nù pa òwe ìyá rẹ̀ fún mi, pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A fẹjọ́ sùn. Àwọn ọ̀gá dáhùn pé iṣẹ́ sítọ́ọ̀ gba agbára, pé ẹrù wúwo làwọn ọkùnrin yẹn ń gbé. Tiwa, wọ́n ní iṣẹ́ ìfarabalẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin náà ní àfi ká rí ará sítọ́ọ̀ kan tí yóò sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí níwájú ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ wa. Ó bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń wo àjà. Òmíràn rántí pé òun fẹ́ lọ rí dókítà. Ó wá ku ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, kò gbé ṣíbí nílé mọ́. Bó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, á di ìbàdí mú, á máa kérora bí ẹni tó ń rọbí. "Mummy, wọ́n ti pa mí lónìí." Èmi á gbé òróró, máa fi ra á lẹ́yìn.

Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹ́rìí, ó gbé àmàlà tì. "Àwọn ará sítọ́ọ̀ á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí wọ́n bá wá gé tiwa wálẹ̀ dípò kí wọ́n gbé tiyín sókè ńkọ́? Kí la fẹ́ fi san owó ilé?"

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù yẹ̀yẹ́, ó ń ba èmi náà. Mo ní, "Dádì, òtítọ́ nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ."

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà," ó dá mi lóhùn, ó sì lọ sùn.

Títí dàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, kò jẹ́ kí n mọ ohun tí yóò sọ. Ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ síbi tó bá ṣe pàtàkì, a jọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀gá mẹ́ta ló jókòó níwájú wa. Ọ̀kan bi í bóyá iṣẹ́ rẹ̀ gba agbára ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó wo táì rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé, ṣùgbọ́n n kò mọ èwo nínú àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó wúkọ́. "Sà, ẹ̀rọ ló ń gbé ẹrù. Èmi ń tẹ bọ́tìnnì."

"Ṣé kò sí nǹkan wúwo kankan tí ò ń fọwọ́ gbé?"

"Ife tíì mi ni, sà. Ó tóbi."

Ọmọ Èkìtì fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi ò tíì parí. "Mo lọ wo ìyàwó mi ní lábù lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ń da ásíìdì. Mi ò wọlé, sà. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mò ń ka Sáàmù."

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Inú tún ń bí mi: gbogbo òróró tí mo fi ra ẹ̀yìn, nítorí ife tíì!

Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n gbé owó gbogbo àwa obìnrin lábù sókè, wọn ò fọwọ́ kan tàwọn ọkùnrin. Nínú àjẹsílẹ̀ owó àwọn ọdún tó ti kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n san, wọ́n sì ní ìdọ́gba ti wà lọ́kàn àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. "It's long, Aunty," lọmọ Èkìtì wí, "but ẹ gbà á." Ní sítọ́ọ̀, wọn ò fún ọkọ mi ní bísíkíìtì jẹ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀kan sì ń pè é ní Madam.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí àlejò bá dé, ìtàn yìí ló fi ń ṣe wọ́n lálejò. Lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọ̀gá mẹ́ta ti di lọ́yà àti adájọ́. Ó ní òun gbá tábìlì. Láìpẹ́ yìí ló fi kún un pé ọ̀kan nínú wọn sunkún. Àwọn àlejò á wá yíjú sí mi, wọ́n á bi mí bóyá lóòótọ́ ni. Èmi á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, máa bu omi fún wọn. Lọ́jọ́ tí òtítọ́ ṣòro fún un, ìṣojú mi ló ṣe sọ ọ́. Irọ́ tó kù, kó máa pa á lọ.