Òdo Tí Mo Kọ fún Ìyá Olùkọ́ Etí Òkun

Omi iyọ̀ ti rin àwọn ìwé ìbéèrè mi kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí mo wọ̀ ní Igbókọ̀dá tó gbé mi dé iléèwé kan lọ́nà Awóyè. Bàtà aláwọ dídán ni mo wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń rìn lórí pákó tí wọ́n tò sójú omi. Ẹ ò rí ọ̀dẹ̀! Nígbà yẹn, ohun tó gbòde láàárín àwa tá à ń kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni ìwádìí lórí ọkàn olùkọ́: bó ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu, bó ṣe ń mọ ohun tó ń dun ọmọ. Ṣáájú ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń kọ nípa rẹ̀. Ká ní wọ́n ní èékánná olùkọ́ ló kàn, à bá sáré tẹ̀ lé e. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi, tí kò fẹsẹ̀ tẹ etí òkun rí, ní kí n tètè ṣe é kó tó di ọ̀rọ̀ àná.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń dá kọ́ kíláàsì mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń fúnra wọn wa ọkọ̀ wá, ẹnu ọ̀nà sì ni kálukú máa ń fi àjẹ̀ tó fi wa ọkọ̀ rẹ̀ sí. Mo fún ìyá náà ní ìwé àti bírò, ó ń fàmì sí i. Ó dé ìbéèrè kejìlá, “Ǹjẹ́ o máa ń tètè mọ̀ bí ọmọ bá wà nínú ìdààmú?” Ló bá gbójú sókè, ó fi bírò sílẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀.”

Ọmọbìnrin kan ti gbé àjẹ̀ rẹ̀ wọ kíláàsì, ó gbé e lé itan. Ìyá náà lọ jókòó tì í, ó fọwọ́ lé àjẹ̀ náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Mà, ọkọ̀ mi ń lọ o!”

Kò tilẹ̀ wò mí. Inú bí mi, mo kọ òdo sí gbogbo ìbéèrè tó kù, mo sì bá tèmi lọ.

Wọ́n tẹ ìwádìí mi jáde, ó ní àwọn olùkọ́ etí òkun kì í mọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Wọ́n yìn mí. Lọ́dún kejì, wọ́n rán mi padà lọ kọ́ ìyá náà bí a ṣe ń dá ọmọ tínú rẹ̀ bàjẹ́ mọ̀. Èmi yìí! Ó gbé àga fún mi, ó ń kọ ìsọkúsọ mi sílẹ̀. Ìgbà tí mo parí ni mo béèrè ọmọ alájẹ̀ ọjọ́sí. Ó ní bàbá rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́ta lójú òkun láìpadà, ọmọ náà sì fẹ́ dá wá a lọ.

“Mo rí i pé kò fi àjẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé kò ní í jókòó pẹ́.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá náà dé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló bà jẹ́. Ká ní ìyá náà dúró parí ìwé mi ni, bàbá ì bá dé, ì bá má bá ọmọ nílé mọ́.

Èmi náà ti di olùkọ́ ní yunifásítì báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń da ìwádìí játijàti yẹn kọ. Bí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mò ń rẹ ara mi sílẹ̀ ni. Ìwé ìyá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òdo tí mo kọ sí ìbéèrè kejìlá hàn kedere lórí rẹ̀. Orúkọ mi ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.