Níbo Ni Gábàsì Yín Wà?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ Rachel ṣe yá tó, ẹ bi àwọn tó ń fi ilé yá akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Kí onílé tó parí àlàyé ibi tí omi ti ń ya, Rachel ti ti omi, ó ti gé páìpù, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ òmíràn mọ́ ọn, ó ti ń nu ọwọ́ nù. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun tó kàwé jáde fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí yẹn ti pẹ́ nínú àpótí, kò rí iṣẹ́ kankan fà wá, Rachel kò sì lè fọwọ́ lẹ́rán máa wo òrùlé. Ó palẹ̀ mọ́, ó gba Ìjẹ̀bú-Igbó lọ, ó lọ bá Ọ̀gá Síkírù.

Ọ̀gá Síkírù mọṣẹ́, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ohun tó ń bí Rachel nínú ni pé ọkùnrin náà kì í kánjú. Tí wọ́n bá dé ilé ẹni tó pè wọ́n, dípò kó ṣí àpò irinṣẹ́, yóò dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, yóò jókòó lé e, ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń gbé inú yàrá yìí? Ta ló kọ́kọ́ ń jí? Orúnkún Bàbá ńkọ́, ṣé ó ṣì ń dùn wọ́n? Tí òjò bá rọ̀, ibo ni àgbàrá ń gbà kọjá? Tó bá wá jẹ́ ilé Mùsùlùmí, kò ní ṣàì béèrè pé, "Níbo ni gábàsì yín wà?" Onílé á nawọ́ sí ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun, ọ̀gá á mi orí, á tún bá ọ̀rọ̀ lọ.

Rachel gbà pé nítorí ìrun Àìlà ọ̀sán ni ọ̀gá òun ṣe ń béèrè gábàsì. Ẹni tó máa kírun nílé onílé, ṣé kò yẹ kó mọ ibi tí yóò kọjú sí ni? Kò rí èyí tó kan òun níbẹ̀. Òun á ti máa to páìpù sílẹ̀ ní tirẹ̀, á máa wo aago, á sì máa sọ ọ́ nínú ikùn pé bí kì í bá ṣe ẹjọ́ wẹ́wẹ́ yìí, àwọn ì bá ti ṣe tán níbí.

Nígbà tí àsìkò fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ sún mọ́lé, ọ̀gá pè é jókòó.

"Alhaja Abibat kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀ ní Abigi. Ìwọ lo máa lọ ṣe tọ́lẹ́ẹ̀tì àti ilé ìwẹ̀ Màmá. Mi ò ní tẹ̀ lé ọ. Tí wọn ò bá pè ọ́ padà lórí iṣẹ́ yẹn, a ó ṣe fírídọ́ọ̀mù rẹ. Tí wọ́n bá pè ọ́ padà, a jẹ́ pé ó ṣì kù."

Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Láìsí fírídọ́ọ̀mù, láìsí pé ẹbí péjọ tí ọ̀gá sì gbàdúrà lé ọ lórí, ọmọ iṣẹ́ ni ọ́ síbẹ̀, bí ọwọ́ rẹ ti wù kó dá tó. Rachel ti ń rí pátákó tirẹ̀ létí títì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó tiẹ̀ ti mọ àwọ̀ tí wọn yóò fi kọ orúkọ sí i.

Ó dé Abigi, ó fojú wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú-Igbó; ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ti dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mọ sókàwéè gòkè lẹ́yìn ilé. Rachel fi ìjókòó tọ́lẹ́ẹ̀tì ti ògiri ẹ̀yìn, kí ìgbẹ́ lè gba ọ̀nà tó kúrú jù lọ dé sókàwéè. Páìpù kúkurú, ẹ́bò kan ṣoṣo níbi tí páìpù ti yà, kò sí ibi tí nǹkan ti máa há. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ náà nìyẹn, kò sì sí púlọ́ńbà tó máa rí i tí kò ní yìn ín.

Bó ṣe ń gé táìlì lọ́wọ́ ni Màmá Asimawu, ìyá arúgbó tó nilé, tẹ ọ̀pá wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, mo ní kí n..."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé o! Ilẹ̀ ń yọ̀. Tí mo bá ṣe tán màá pè yín, mà."

Màmá dúró díẹ̀. Máṣíìnì tún ń pariwo. Ìyá náà yí padà, ó lọ jókòó sí pálọ̀.

Nígbà tí Rachel ṣí omi, ó fi bébà gbígbẹ nu oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán omi kan ò kan bébà. Màmá súre fún un, ó sì di ẹja gbígbẹ fún un pé kó mú lọ fún àwọn ará ilé. Orin ni Rachel ń kọ nínú mọ́tò títí tó fi délé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alhaja Abibat pè é lórí fóònù. Ó ní, "Rachel, Màmá ò lo tọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn o. Ṣálángá àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé ló ṣì ń lọ, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣubú. Jọ̀ọ́, lọ wò ó."

Inú bí Rachel. Ó dá a lójú pé ìbẹ̀rù ló ń dààmú ìyá náà. Ó wọ mọ́tò lọ sí Abigi, ó mú Màmá dé iwájú tọ́lẹ́ẹ̀tì, ó rọra ṣàlàyé: ẹ jókòó báyìí, ẹ tẹ ibí báyìí, omi á gbé e lọ, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Mo ti ń lo irú rẹ̀ ní Èkó kí wọ́n tó bí ẹ." Ó fà á lọ́wọ́ lọ sí pálọ̀, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹní ìrun rẹ̀, ó tún fà á padà. "Ibi tí mò ń kọjú sí ké pe Ọlọ́run, ṣé ibẹ̀ náà ni kí n kọjú sí yàgbẹ́? Ẹ̀sìn wa ò fẹ́ ká kọjú sí gábàsì nídìí ìyẹn, kò sì fẹ́ ká kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ ká kọ sí i."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà tí mò ń ṣe é?"

"Mo wá sọ. O ní ilẹ̀ ń yọ̀."

Ojú ti Rachel débi pé kò mọ ibi tó máa wò. Ló bá rántí ilé àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan tí òun àti ọ̀gá ti jọ ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀gá ò béèrè gábàsì níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, nígbà tí Àìlà tó, ó kàn gbójú sókè wo oòrùn, ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kírun. Ọkùnrin náà mọ gábàsì níbi gbogbo! Kì í ṣe nítorí ìrun ara rẹ̀ ló ṣe ń bi onílé, nítorí onílé ni. Gbogbo ìgbà tí Rachel fi ń wo aago, iṣẹ́ ni ọ̀gá ń ṣe lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ó pe Alhaja Abibat, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Aláàánú obìnrin ni. Ó ní, "Ṣé kò kúkú jò? Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, màá bá Màmá sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ á mọ́ ọn. Mi ò ní jẹ́ kí ọ̀gá ẹ gbọ́ rárá."

Ká sòótọ́, Rachel rò ó wò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Ó bojú wo ẹ̀yìnkùlé, ó rí ipa ẹsẹ̀ Màmá nínú ẹrẹ̀, tòun ti ihò kéékèèké tí ọ̀pá ń lu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí dé ẹnu ṣálángá. Ó gbé fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ti pè mí padà o."

"Ó ń jò?"

"Kò jò, sà. Gábàsì ni."

Ọ̀gá ní, "Mò ń bọ̀."

Rachel ò ṣí àpò irinṣẹ́. Ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó síwájú Màmá. Orúnkún wo ló ń dùn yín? Ti òsì. Ọwọ́ wo lẹ fi ń mú bútà tí ẹ bá fẹ́ fi omi ṣan ìdí? Ọ̀tún ni. Apá òsì ni Rachel sì ti fi ẹnu ẹ̀rọ omi sí nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ẹ wò ó! Kí ni Màmá máa ń dì mú tó bá fẹ́ dìde? Bí ó ṣe ń béèrè ni ìyá náà ń dáhùn, ara rẹ̀ ń yá sí i, àfi bíi pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ni Rachel tó gbé òòlù, tó fọ́ táìlì tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gá Síkírù dé, àfọ́kù ló kún gbogbo ilẹ̀. Ó kí Màmá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, níbo ni gábàsì yín wà?"

Kí Màmá tó lanu, Rachel ti na òòlù síbẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá, mo ti béèrè, sà."

"Mo ti rí i. Oorun ló gbé mi nínú mọ́tò, mi ò mọ ọwọ́ oòrùn mọ́. Àìlà sì fẹ́ lọ lọ́wọ́ mi."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó wá wo páìpù tuntun tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí Màmá tó lò ó." Kò dárúkọ fírídọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà, kò dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. Rachel náà ò béèrè. Wọ́n ti pè é padà, ọ̀rọ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ó dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n ó ń jí lọ síbi iṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, àwọn méjèèjì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù Rachel dún. Màmá Abigi ni.

"Màmá, ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ó ń jò ni?"

"Kò jò."

"Ṣé ó dí ni?"

"Kò dí. Ṣé èèyàn ò lè pe ọmọ rẹ̀ kó fi kí i ni? Òjò ti ń rọ̀ níbí láti òru. Mi ò jáde."

Rachel dúpẹ́ bó ṣe lè dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ọ̀gá Síkírù ò gbójú sókè níbi tó ti ń tú ẹnu ẹ̀rọ omi kan.

"Wọ́n tún pè ọ́ padà?"

"Rárá, sà. Wọ́n kí mi ni."

Ó yí ẹnu ẹ̀rọ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Bi bàbá rẹ wò," ó ní, "ọjọ́ wo ló máa ráyè wá bá wa ṣe fírídọ́ọ̀mù."