Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Bẹ́líìtì Fi Gbé Ilé Wa

Òórùn káfúrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ mú, ètè mi ti bó, mo sì ti fa aṣọ ìbora dé imú lórí ẹní tí èmi àti àbúrò mi jọ ń sùn. Nílé wa ní Ṣógúnlé, inú àpótí aṣọ ìyá mi nìkan la ti máa ń gbóòórùn káfúrà, àfi tí ẹnì kan bá kú ládùúgbò tí àwọn àlùfáà wá wẹ òkú. Kí n tó lajú, mo ti ń bi ara mi léèrè pé ta ló kú.

Kò sẹ́ni tó kú. Bẹ́líìtì ni. Bàbá mi tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìkókó. Eyín rẹ̀ kan ti kán lánàá, ojú rẹ̀ ọ̀tún wú. Síbẹ̀, mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ nígbà tówó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ó rántí bó ṣe rí. Gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé. Típà ń kó yanrìn gba Bọ́ládé kọjá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí ilé tuntun ti ń yọ lápá Ire-Akari, erùpẹ̀ wọn sì bo páànù ilé gbogbo. Ẹni tó ti Ìsẹ́yìn tàbí Ìwó wá pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, kó tó pé oṣù mẹ́ta, bàtà gogoro ti wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá sì fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ fẹ́ rí nǹkan wò lọ́jọ́ Sátidé. Báyìí ni rẹ́sílíìnì, ìjàkadì àwọn òyìnbó, ṣe gba ìgboro kan. Ní pápá kan ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n fi páànù ṣọgbà yí ká, wọ́n to pákó sórí àwọn dúróòmù, wọ́n da ìyẹ̀fun igi lé e, wọ́n ta kànfáàsì bò ó, wọ́n sì fa okùn yí i ká. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀, Mánéjà ni gbogbo ayé ń pè é. Èèyàn gíga ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, áńkáṣífù funfun kì í sì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Wẹ́dà ni bàbá mi. Géètì ló ń ṣe, iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Lórí pápá, Irin ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi, tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní Bọ́ládé, kò fẹ́ràn ìjà náà rárá. Tí bàbá mi bá ti ń múra ní ọjọ́ Sátidé, ó máa sọ pé, "Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni." Bàbá mi á dáhùn pé orúkọ yẹn gan-an lòun ń wá. Ìyá mi kò sì gbà kí èmi tí mo jẹ́ obìnrin dé pápá yẹn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Oníṣẹ́ awọ kan láti Ọ̀yọ́ ló ṣe bẹ́líìtì náà. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, orí kìnnìún tí wọ́n fi idẹ ṣe wà níwájú rẹ̀, àwo idẹ kéékèèké sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó ti gbà á rí wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi kò kàwé púpọ̀, nítorí náà èmi ni mo máa ń ka àwọn orúkọ náà fún un lálaalẹ́, bí mo ṣe ń ka orúkọ àwọn ọba nílé ìwé, òun á sì sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún mi.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Lámídì Òkúta, alábàárù ní ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣòdì, tí wọ́n ní ó máa ń ru báàgì sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan. Ìbàdí rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gé awọ bẹ́líìtì náà, ìyẹn ló jẹ́ kó tóbi. Ráfíù, tó ń pa màlúù ní Ìsọlọ̀, ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èèyàn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n tó bá ti dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan, onítọ̀hún ti ṣubú nìyẹn. Oṣù márùn-ún péré ló lò ó tí Lámídì fi padà gbà á, ìdí nìyẹn tí orúkọ Lámídì fi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí orúnkún Lámídì kọṣẹ́, ó padà sí Ìwó lọ dáko. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni Sámúẹ́lì Iná, awakọ̀ típà. Bàbá mi ní kò sẹ́ni tó yára tó o, pé bó bá ń jà, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bá jà.

Kò sẹ́ni tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Sámúẹ́lì. Mánéjà kàn kéde lọ́jọ́ kan pé ó ti lọ jà ní Gánà, pé ó sì ti yọ̀ǹda rẹ̀. Mánéjà kó bẹ́líìtì náà sínú páálí, ó da káfúrà yí i ká kí aáyán má bàa jẹ awọ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ní kí bàbá mi àti ẹnì kan tó ti Mushin wá jà lé e lórí. Bàbá mi ló borí. Àwo idẹ karùn-ún ṣófo, ó ń dán bíi dígí. Òfin Mánéjà ni pé wọn kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ títí tó fi máa jà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n má rí i gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n fún bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó ja ìjà yẹn. Ó ti lọ bá ẹni tó ń tún aago ṣe sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n jà. Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti ilé ìwé dé, àbúrò mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Bọ́ládé, bàbá mi sì ti lọ ra irin ní Mushin. Oòrùn ń ràn gan-an, ṣùgbọ́n àdúgbò dákẹ́. Mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, àní ẹ̀rọ ìlọta ilé kejì náà kò dún. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkùnrin kan ti jókòó sórí àga bàbá mi. Mi ò gbọ́ kó kanlẹ̀kùn.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó wọ kakí iṣẹ́, yanrìn sì wà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó dorí kọ èjìká òsì bí ẹni tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún láti ibẹ̀. Tó bá fẹ́ wo nǹkan, gbogbo ara ló fi ń yí. Ó bi mí pé bàbá mi ńkọ́, mo ní ó lọ sí Mushin. Ó ní kí n bá òun bu omi wá, pé òùngbẹ ti ń gbẹ òun tipẹ́.

Mo bu omi fún un nínú kọ́ọ̀bù. Ó gbé e sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí i tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ka àwọn orúkọ ara bẹ́líìtì fún òun. Mo kà á: Lámídì, Ráfíù, Lámídì. Nígbà tí mo kan Sámúẹ́lì Iná, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà.

Ẹ̀rù kò bà mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Òórùn káfúrà ti gba inú ilé kan, ṣùgbọ́n mo rò pé bẹ́líìtì ló ń rùn.

"Sọ fún bàbá ẹ kó ṣí kànfáàsì wò," ló wí, "igun tó kọjú sí géètì. Kó wò ó kó tó di Sátidé. Tún un sọ kí n gbọ́."

Mo tún un sọ. Ó dìde, ó jáde sínú oòrùn. Mo gbé kọ́ọ̀bù náà kí n lọ fọ̀ ọ́, omi inú rẹ̀ sì kún dé etí, bí mo ṣe gbé e fún un gẹ́lẹ́.

Mi ò dúró de bàbá mi nílé. Mo sá gba ojú títì lọ títí mo fi pàdé rẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú irin léjìká, mo sì jíṣẹ́ náà lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bi mí báwo lọkùnrin náà ṣe rí. Nígbà tí mo ṣe orí mi bó ṣe ṣe tiẹ̀, ó rọra gbé irin náà sílẹ̀, ó dúró lójú kan. Ó ní lọ́jọ́ tí Sámúẹ́lì jà kẹ́yìn, bó ṣe gbé orí sọ̀ kalẹ̀ láti orí pákó nìyẹn, pé ẹ̀rín làwọn ń fi í rín, àwọn rò pé eré ló ń ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò jẹ́ kí n lọ sílé ìwé. Ó ní èmi ni wọ́n rán níṣẹ́, èmi ni kí n bá òun dé ibẹ̀. Pápá náà ṣófo. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń lu páànù ọgbà, ó ń dún bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lókèèrè. Bàbá mi tú okùn kànfáàsì ní igun tó kọjú sí géètì, ó gbọ́n ìyẹ̀fun igi kúrò. Pákó méjì ti dá sí méjì níbẹ̀. Páálí ni wọ́n tẹ́ dí ojú rẹ̀. Nísàlẹ̀ páálí náà, ẹnu dúróòmù kan yọ sókè, ó mú bí ọ̀bẹ, nǹkan dúdú kan sì ti gbẹ mọ́ ọn. Mo fẹ́ sún mọ́ ọn. Bàbá mi fi ọwọ́ bò mí lójú.

Yàrá Mánéjà wà lẹ́yìn pápá náà. Ó ṣì wà nínú aṣọ ìwọ̀sùn nígbà tá a wọlé. Bàbá mi kò jókòó. Ó bi í pé níbo ni Sámúẹ́lì wà. Mánéjà nu ojú, ó ní ṣebí Gánà lòun ti sọ. Bàbá mi ní, "Ó wá sílé mi lánàá. Ọmọ mi yìí ló bá sọ̀rọ̀."

Mánéjà yíjú sí mi, kì í ṣe bàbá mi, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn bi mí pé, "Ṣé ó bèèrè omi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó bá wó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní Sámúẹ́lì ṣubú sí igun yẹn, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sùn, kò sì jí mọ́. Òun gbé e lọ sílùú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, òun sì bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má sọ̀rọ̀. Ó ní ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Sámúẹ́lì ń wá jókòó síbi tá a dúró sí yẹn, pé ẹ̀rù kò jẹ́ kí òun lè ṣí kànfáàsì yẹn láti tún un ṣe.

Bàbá mi lọ gbé bẹ́líìtì náà wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó fi irin pẹlẹbẹ kan yọ àwo tí wọ́n kọ orúkọ Sámúẹ́lì sí, ó fi sápò, ó gbé ìyókù síwájú Mánéjà. Ó ní kó wá ẹlòmíì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gun pákó yẹn títí òun fi máa tún un ṣe. Ó gé irin, ó jó wọn pọ̀, ó sì fi wọ́n gbé gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ró kó tó di ọ̀sán Sátidé. Kò gba owó. Lẹ́yìn náà ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mọ́sálásí, ó gbé àwo náà lọ fún ìyàwó Sámúẹ́lì, ó sì sọ ohun tó rí fún àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn àgbà pe Mánéjà, ó jẹ́wọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Ẹni tó ti Mushin wá yẹn ni wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ nídìí, pẹ̀lú ihò ìṣó méjì níbi tí orúkọ ti kúrò. Ó pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kí ilé tó gba pápá náà. Mi ò mọ ibi tí bẹ́líìtì náà wọlẹ̀ sí.

Ohun tí gbogbo Ṣógúnlé rí ni pé Irin sá. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń kọ ọ́ lórin tẹ̀lé mi pé Irin ti dípẹtà. Mo sunkún délé, mo ní kó jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún wọn. Ó ní ìtìjú opó Sámúẹ́lì kì í ṣe nǹkan tá a lè máa rò káàkiri nítorí ẹ̀sín. Ó ní, "Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀." Ìyá mi, tó ti ń dá a lẹ́kun láti ọdún yìí wá, kò yọ̀ ọ́. Ẹran ńlá ló bù fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́ kẹ́yìn. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan pé ògiri kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo kọ lẹ́tà, mo fà á ya. Mo ń ro ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi lọ́fíìsì, mo ń ro pé bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá kí n tó kó àwọn ọmọ náà kúrò. Ìgbà ọlidé ni ògiri náà wó, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn òbí wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ẹ̀bùn wá, mo sì gbà á.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà, tí kò mọ̀ bóyá ẹni tó rán an níṣẹ́ wà láyé tàbí kò sí, kò lè jókòó sílé de bàbá rẹ̀. Èmi tí mo fi ojú ara mi rí ògiri tó là, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dúró.