Áísìkiriìmù fún Alárìíwísí

Ìyá mi kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí nítorí oúnjẹ. Kì í ṣe pé kò láàánú. Ojú tí ó fi ń wo ayé ni pé kò sí ohun tí ọmọ aráyé ṣe tí kò ní àbùkù, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti tọ́ka sí i. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ó ní ìrẹsì le bí òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi ga ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó béèrè ẹni tó wà lókè mi, mo sọ fún un, ó ní kí ló dé tí kì í ṣe èmi. Nígbà tí mo wá fẹ̀yìn tì, ó ní ó tó àkókò, pé ìjọba ti ń gbọ́ bùkátà ìjókòó mi tipẹ́.

Bí ó bá ti Upenmen, abúlé rẹ̀, wá kí wa l'Ọ́wọ̀, ilé ìdáná ni yóò kọ́kọ́ yà kí ó tó jókòó. Ọlọ tí ó fún mi nígbà tí mo ń relé ọkọ wà níbẹ̀. Mo fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má baà máa gbá a. Yóò dúró tì í, yóò wò ó, yóò wò mí. Yóò ní ọlọ tí òun fi orí ara òun rù wá láti oko, èmi ti sọ ọ́ di mẹ́gáàdì. Ọkọ mi á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ nígbà yẹn, nítorí ó mọ̀ pé òun ló kàn.

Èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ni ìyá mi ń sọ. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ará Ìbàdàn tó bá ń ka ìwé yìí á rò pé mo ń bú òun. Nítorí náà mo ti yí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ìwé. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ó gbóná ju báyìí lọ.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, àìsàn dá a wó ní Upenmen. A gbé e wá sí ilé ìwòsàn l'Ọ́wọ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ tutù, wọ́n ní ká máa mú un lọ sílé. Ilé mi ni mo mú un wá. Ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá, ọlọ wà níbẹ̀, kò wò ó. Mo gún iyán fún un. Mo mọ̀ pé iyán náà ní kókó, torí iyán mi kì í wà láìní kókó. Ó fi ìka kan bù ú tọ́ wò, ó ní, "Ó dáa, ọma mi. O ṣé." Ó rọra ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù bà mí.

Bí ó ṣe di ohun tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo se ìrẹsì, ó dáa, o ṣé. Mo po ògì, ó dáa, o ṣé. Mo se ẹ̀wà tí ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, tí gbogbo àdúgbò gbóòórùn rẹ̀, ìyá mi ní ó dáa. Kò sì jẹ nínú ọ̀kankan ju ẹnu síbí lọ. Ìwà rẹ̀ di ìwà áńgẹ́lì, ikùn rẹ̀ náà sì di ti áńgẹ́lì, nítorí bí a bá yọ àwọn tó lọ kí Ábúráhámù kúrò, èmi ò tíì gbọ́ pé áńgẹ́lì jẹun. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i, wọ́n ní ìyá yìí mà níwà tútù o. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún lójú wọn.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní láti ìgbà tí Màmá ti dé, wọn ò tíì bú òun. Wọn ò tiẹ̀ béèrè ohun tí òun ń ṣe nílé láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ń ba òun lẹ́rù. Nígbà tí a mú un padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìyẹn ní kò sí àìsàn lára ìyá mọ́, oúnjẹ ni kò sí, pé bí kò bá jẹun títí a ó fi padà wá, àwọn á dá a dúró, àwọn á ki rọ́bà sí i nímú láti máa fi bọ́ ọ. Ìṣojú ìyá mi ló ti sọ ọ́. Ìyá mi ní ó dáa.

Ohun kan ṣoṣo tí ó ń gbà láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́ ni omi inú ọ̀rá, èyí tó bá tutù débi pé ó ń ta eyín. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé bá mi. Mo ní bí òtútù bá ń ráyè wọlé, màá fi mílíìkì àti ẹyin pamọ́ sábẹ́ òtútù, kí wọ́n bá a wọlé bí àwọn onífàyàwọ́ ṣe ń kó ìrẹsì wọ̀lú. Áísìkiriìmù ni mo ń sọ. Wọ́n ń tà á l'Ọ́wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú igbó la wà. Mo ra ọ̀kan lẹ́bàá títì ńlá, mo gun ọ̀kadà, kí n tó délé ó ti di ògì aláwọ̀ òdòdó. Ìyá mi fi ẹnu kàn án. Ẹ mọ ohun tó wí.

Ni mo bá pinnu pé èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Obìnrin kan wà lórí fóònù tó ń kọ́ni. Ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ibi tí wọn kì í ti í dáná. Ó ní ká po mílíìkì, ṣúgà, pupa ẹyin àti fàǹílà olóòórùn dídùn, ká gbé e ka iná díẹ̀, ká jẹ́ kó tutù, ká gbé e sínú fíríìsà, ká sì máa gbé e jáde lóòrèkóòrè láti rò ó, kí ó má baà di yìnyín gbagidi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò le rárá. Kò sọ ibi tí òun ti ń rí iná mànàmáná.

Fíríìsà wà nílé mi o, ńlá ni, funfun ni. Ṣùgbọ́n gàrí àti èlùbọ́ ni mò ń kó sínú rẹ̀, nítorí eku ò lè wọ ibẹ̀. Iná àdúgbò wa dà bí àlejò tí kì í yọjú bí a bá se oúnjẹ dè é. Mo kó gàrí jáde, mo nu fíríìsà, mo gbé abọ́ mi síbẹ̀, mo ń retí. Iná dé lọ́sàn-án, ó wò wá, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, mílíìkì lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo bá nínú abọ́, horo gàrí díẹ̀ sì léfòó lórí rẹ̀. Ọkọ mi kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Ó bù ú sínú kọ́ọ̀pù gíga, ó da míńrà ọlọ́sàn lé e lórí, ó hó yáyá, ó mu ún tán, ó ní lókè òkun wọ́n ń fi owó gidi mu irú rẹ̀. Mo ní ìgbà wo ló dé òkè òkun. Ó ní èyí tí òun mu yìí náà ti gbé òun débẹ̀.

Ní àdúgbò wa, fíríìsà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kò ju ti Àlàájà ẹlẹ́ja dídì lọ, nítòsí ọjà. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sinmi, torí bí ó bá sinmi, ẹja á jẹrà. Gbogbo wa la ti sọ fíríìsà náà di ti mọ̀lẹ́bí. Ọbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi àwa onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, ẹran iléyá àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, kálukú á fi àkísà so ẹnu ọ̀rá tirẹ̀ kó lè dá a mọ̀. Lórí wọn, lábẹ́ wọn, láàárín wọn, ẹja ni. Kò sí ẹni tó ń ṣàròyé, nítorí gbogbo ohun tí à ń gbé síbẹ̀, inú ọbẹ̀ ni yóò já sí, ọbẹ̀ tó bá sì ń ta sánsán ẹja, èrè ọ̀fẹ́ ni. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé nǹkan oníṣúgà lọ síbẹ̀. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n ti pọ̀ jù lórí mi lọ́jọ́ náà.

Mo po òmíràn, mo gbé e lọ. Mo ṣàlàyé fún Àlàájà pé tìtorí ìyá mi ni. Ó sún páálí ẹja títùs sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fún mi láyè, ó ṣàdúrà fún wa. Mo jókòó sórí àpótí. Bí ó bá tó àkókò, màá ṣí fíríìsà, màá ṣí ọmọrí, màá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láàárín ẹja níbẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wá ra ẹja ṣáwá kò jẹ́ kí n dá ṣe é. Ẹnì kan ní kí n fi atalẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn bi mí bóyá ẹ̀kọ ni, ó ní ẹ̀kọ mi ti ń ní kókó. Nígbà tí apá ro mí, Àlàájà gba síbí lọ́wọ́ mi, ó ń fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi la ikùn ẹja bá mi rò ó. Ó nù ún mọ́ aṣọ iwájú rẹ̀ kó tó gbà á, ọmọlúàbí ni.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dì. Ó funfun, ó ń dán, ó dúró lórí síbí láìyẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ imú, fàǹílà ni mo gbóòórùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja láti ọ̀sán, imú rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá ìyá mi. Ó ń wo títì, kò sì sọ ohun búburú kan nípa ẹnikẹ́ni tó ń kọjá. Mo bu áísìkiriìmù náà sínú gíláàsì tí mo máa ń tọ́jú de bíṣọ́ọ̀bù. Mo fi síbí fún un lẹ́nu. Ó gbà á. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀, mo ń gbàdúrà lọ́kàn mi, mi ò sì fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Ó mú un sẹ́nu pẹ́. Ó fajú ro. Ó gbé e mì.

"Kí lo fún mi yìí?"

"Áísìkiriìmù ni, Màmá."

"Ẹja ni."

Mo ní kì í ṣe ẹja, pé mílíìkì ni, ẹyin ni. Ó ti ọwọ́ mi padà, ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, títùs ni. Títùs tó tutù, tó dùn, tó fi fàǹílà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú tì mí. Mo dúró kó sọ pé ó dáa, torí mo mọ̀ pé bí ó bá sọ ọ́ nípa èyí, ó ti tán nìyẹn.

Kò sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti dé ni ó ti máa ń fẹ̀yìn lé àga bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó jókòó ṣánṣán, ó na ìka sí mi.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa fi ṣúgà se ẹja? Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi ni o. Ọma tí mo tọ́ sídìí ààrò, tí ìjọba fi jẹ ọ̀gá, òun ló ń bu ẹja tútù oníṣúgà fún ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Rárá, Màmá."

"Bó bá jẹ́ ẹja lo fẹ́ fún mi, kí ló dé tí o kò sè é bí ẹja? Àbí ata ti tán l'Ọ́wọ̀?"

Mo ní ata wà. Ọkọ mi ti gbọ́ ohùn yẹn nínú yàrá, ó sáré jáde. Ìyá mi wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó béèrè bóyá ṣòkòtò tó ya nídìí ló fi ń pàdé àwọn èèyàn lójú títì. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Lẹ́yìn náà ó gbé gíláàsì, ó tọ́ áísìkiriìmù náà wò, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó jẹ́ kí nǹkan ṣòfò nìyẹn.

Mo sáré padà lọ ra títùs. Àlàájà béèrè bóyá Màmá jẹ áísìkiriìmù náà. Mo ní wọ́n gbé e mì. Ó ní Alhamudulilaahi, ó sì ṣa ẹja tó sanra jù fún mi. Títí di òní, ní Upenmen níbi tí ìyá mi ti padà sí, ìtàn tó ń sọ fún ẹni tó bá wá kí i ni pé ọma òun fún òun ní ẹja oníṣúgà jẹ. Kò fìgbà kan sọ pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ara òun yá.

Lálẹ́ ọjọ́ áísìkiriìmù náà, mo ń fọ ata lọ́wọ́ ni iná dé. Iná tí mo tìtorí rẹ̀ lé gàrí kúrò nílé, ó dé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀ mọ́. Mo da ata, tòmátì àti àlùbọ́sà sínú búlẹ́ńdà, mo dé e, mo tẹ̀ ẹ́. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè dá àlùbọ́sà lẹ́bi, torí ó ti wà lábẹ́ ọmọrí. Ohùn ìyá mi borí ariwo ẹ̀rọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ariwo kí nìyẹn? Ata tí ẹ̀rọ bá lọ kì í dùn. Ọlọ tí mo fún ọ ńkọ́?"

Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọlọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn sì gbá gbàgà lẹ́yìn mi.