Ẹjọ́ Mẹ́sàn-án àti Ẹ̀rọ Ìfági

A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Àwọn tó ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣiṣẹ́ nílé ìlagi mọ òwe yìí dáadáa, wọ́n sì pa á mọ́ lọ́nà tiwọn: wọn ò kà á, àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kàn fi sọ ọ́ lórúkọ. Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìfági ti mú ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ. Èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, àgbà mi ni. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè rí i fín, ọkàn mi sì balẹ̀, torí kì í ka ìwé tí kò bá ní àwòrán bọ́líìtì nínú.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ló fi sọ ìtàn kan náà. "Ẹ̀rọ ló fò," ni yóò wí. "Mo gbé pákó lé e lórí jẹ́jẹ́, ó fò bí ẹṣin tí oyin ta nídìí." Ṣùgbọ́n Fọ́mánù, ọ̀gá wọn nígbà náà, ti kọ ọ́ sínú ìwé ilé iṣẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ, ẹnu ló ṣe òṣìṣẹ́: ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Ó tiẹ̀ fi òwe dé e lórí, nínú ìwé ilé iṣẹ́ o: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo?" ni Mẹ́sàn-án máa ń bi gbogbo ayé. "Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n gé ni?"

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, gba Fọ́mánù gbọ́. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun àti ẹnu tí wọ́n ń wí yìí ni wọ́n jọ ń gbélé, kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu náà hàn án. Bí àwo bá fọ́, bí omi bá dànù, bí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ kó tó wọlé, ìbéèrè kan ló ní: "Ẹ̀rọ ló tún fò, àbí?" Kì í pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" láé. "Ẹ" ló fi ń bú u, ó sì máa ń dunni ju "ìwọ" lọ.

Ẹ gbọ́ ohun kan sí i nípa ọkùnrin yìí kí n tó máa lọ. Kò sí ohun tó mì lẹ́sẹ̀ tí kò ní fi agolo mílíìkì há. Bí wọ́n bá ti mu mílíìkì tán, yóò la agolo náà, yóò fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ, yóò ká a ní mẹ́ta, yóò wá tẹ igun kan rẹ̀ sókè bí etí ajá, kó lè rí ibi dì í mú tó bá fẹ́ yọ ọ́. Ó wà lábẹ́ fíríìjì, ó wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn wọn ní apá ibi tí òun ń sùn. Ẹsẹ̀ ibùsùn yẹn kúrú, agolo náà kò sì tó o. Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, bí Aránṣọ bá ti dùbúlẹ̀ ní tirẹ̀, yóò máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ọkọ rẹ̀ níbi tó wà. "Ọkọ ni mo ní mo fẹ́," ló máa ń sọ, "mi ò mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni."

Lẹ́yìn tí Mẹ́sàn-án ti fẹ̀yìn tì, ilé ìlagi náà kógbá sílé. Àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹ̀rọ lọ fún yíyọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aránṣọ ń gé aṣọ ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ti ń ránṣọ, nígbà tó gbọ́ tí ilẹ̀ ń mì. Ó yọjú. Ọkùnrin mẹ́fà ló rí, wọ́n ń fi ọ̀pá irin yí nǹkan dúdú kan bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ wà níwájú, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá sójà.

"Kí lẹ gbé wá yìí?"

"Ẹ̀rọ ìfági ni."

"Èwo?"

Ó wo àjà. "Èyí tí o mọ̀ yẹn."

"Èyí tó jẹ yín níka?"

"Òun náà ni."

"Ó wá jẹ èyí tó kù ni?"

Àwọn ọkùnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Mẹ́sàn-án dúró títí ẹ̀rín fi tán, ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun máa tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, òun máa tún un tò, kò sí bọ́líìtì kan tí òun ò ní wò. "Bí mo bá rí àléébù tó mú un fò, o máa bẹ̀ mí, ẹ̀rọ á sì dúró síbí. Bí mi ò bá rí i, mo máa fi ẹnu ara mi sọ níwájú Fọ́mánù pé ẹnu mi ló gé mi níka. Kí àwọn oníirin wá gbé e, kí o gba yàrá rẹ."

Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ má pẹ́ o," ló wí. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ṣókùnkùn."

Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é. Ìpẹtà ti bo ẹ̀rọ náà bí èélá. Ó fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, ó fi sáńpépà ha á, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ họ inú eyín jíà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ ní òun ò rí i kí ọkùnrin náà fọ eyín ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó tú ló tò sínú ìgò, ó kọ ibi tí wọ́n ti wá sára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí irin tábìlì iwájú ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dán, tó rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó sì fi tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ara ẹ̀rọ náà le. Ẹni tó bá ń tún nǹkan ṣe, inú rẹ̀ máa ń dùn bí nǹkan náà ò bá bàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ti Mẹ́sàn-án yàtọ̀. Àìsàn ló ń bá ẹ̀rọ wá. Ó tú bíárìn wò, bíárìn ń yí geere. Ó wọn àgbá irin tí wọ́n de ọ̀bẹ mọ́ wò, ó gún bí òtítọ́. Ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, kò sí waya kan tó jó. Bí nǹkan bá ti dára, ojú rẹ̀ á fà ro, á jáde wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ìyàwó á wí, láì gbójú kúrò lára aṣọ. "Wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá?"

Nígbà tó yá, ibì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì tú: abẹ́ tábìlì ẹ̀yìn. Tábìlì méjì ni ẹ̀rọ ìfági ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀bẹ wà láàárín wọn. Pákó á gba iwájú wọlé, ọ̀bẹ á fá a, á gba ẹ̀yìn jáde. Tábìlì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ojú ọ̀bẹ dọ́gba. Bó bá rì bó ti wù kó kéré mọ, pákó á subú lé ọ̀bẹ, ọ̀bẹ á sì jù ú. Bí àléébù bá wà, ibẹ̀ ló kù tó lè wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Mẹ́sàn-án fi ń nu ibòmíràn tó ti mọ́, kó má bàa kan ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Fọ́mánù.

Fọ́mánù dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà dídán bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. "Mẹ́sàn-án! Mo gbọ́ pé o fẹ́ bẹ̀ mí."

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ ò tíì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan."

"Mo lè dúró gbọ́ ọ. Kì í gùn."

Mẹ́sàn-án fi sípánà sí i. Bọ́líìtì mẹ́rin, wọ́n tú. Òun àti Fọ́mánù gbé tábìlì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Abẹ́ rẹ̀ kún fún lẹ́búlẹ́bú igi tí gírísì ti sọ di òkúta. Ó fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ẹ, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Lójijì, ó ké.

"Síkúrúù ti já! Ẹ wá wò ó! Síkúrúù tó ń di tábìlì mú, ó ti já ní ọrùn!"

Fọ́mánù wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ó já lóòótọ́," ló wí ní ohùn kékeré. "Kì í ṣe àjá òní. Ojú ibi tó ti já ti dípẹtà."

Mẹ́sàn-án jó. Ó na ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọwọ́ òsì sí Fọ́mánù, ó nà wọ́n sí ìyàwó rẹ̀, ó nà wọ́n sí ògiri. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ó ní òun fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ náà gùn, kó ní orí àti ìrù.

Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti fẹ́ kúnlẹ̀, ó dúró ní agbedeméjì. "Ẹ dúró ná," ló wí. "Bí bọ́tìnnì bá já, tí aṣọ ò sì ṣí, pínnì kan wà níbì kan. Kí ló wá gbé tábìlì yẹn dúró?"

Mẹ́sàn-án ò fetí sí i, ó ṣì ń jó. Fọ́mánù ló ki ọwọ́ bọ inú ihò tí síkúrúù náà wà. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan kan, ó dì í mú, ó fà á yọ. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Agolo ni. Wọ́n lù ú pẹlẹbẹ, wọ́n ká a ní mẹ́ta, igun rẹ̀ kan nà sókè bí etí ajá.

Ijó tán.

"Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀," Fọ́mánù wí, "ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́."

Mẹ́sàn-án jókòó sórí àpótí. "Mo ti gbàgbé," ló wí. "Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Síkúrúù já, pákó ti tò sílẹ̀ rẹpẹtẹ, mo bá fi agolo há a, kò sì tó o." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n tètè ṣe nǹkan sí i!"

"Mo ní kí o ṣe nǹkan sí i, o sì ní o ti ṣe é. Mi ò ní kí o fún un ní mílíìkì mu."

Aránṣọ wọlé, ó mú ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí a kì í ṣe. Ó kà á lójú rẹ̀. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Ó gba agolo náà lọ́wọ́ Fọ́mánù, ó gbé e sí ibi tí ìka karùn-ún ì bá wà. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mẹ́sàn-án gbìyànjú láti bínú, ẹ̀rín gba ìbínú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ fò," Aránṣọ wí, nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mo gbà. Ẹ má bínú, mo bẹ̀ yín." Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó sì tètè dìde. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní fífò. Ẹ bẹ ara yín náà."

"Ẹ̀rọ á wá lọ tàbí kò ní lọ?" ni Mẹ́sàn-án bi í.

"Àléébù lẹ ní ẹ máa rí, ẹ sì ti rí i. Ó lè dúró. Ẹ sún un sí ògiri, kí n gbé tèmi padà sí ojú fèrèsé. Agolo ló máa kúrò nílé yìí, gbogbo rẹ̀ pátá."

Mẹ́sàn-án ra síkúrúù tuntun tó nípọn bí àtàǹpàkò, ó to tábìlì, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n mọ́ ojú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan iná sí i, Fọ́mánù ló dúró ti ibi ìpaná. Mẹ́sàn-án fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti pákó náà jẹ́jẹ́ títí ó fi jáde lódìkejì. Ẹ̀rọ náà kò fò. Òun náà kò sọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbólóhùn kan ò jáde lẹ́nu rẹ̀, Fọ́mánù sì rí i, ó kàn fi imú rẹ́rìn-ín.

Pákó yẹn ló fi ṣe ẹsẹ̀ tuntun fún ibùsùn, dípò èyí tó kúrú. Ó kó agolo kúrò lábẹ́ gbogbo nǹkan bí ìyàwó rẹ̀ ti wí, ibùsùn sì gún régé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Aránṣọ gbé tíì wá fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Kò lọ. Ó dúró, ó ń wo ẹ̀rọ.

"Ibùsùn yẹn ti gún jù," ló wí.

"Ṣé gígún náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò bá ẹnì kankan pàdé."

Mẹ́sàn-án gbé tíì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Níbo lẹ kó àwọn agolo yẹn sí?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ẹ mú ọ̀kan. Abẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn ní apá ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ fi í sí."